Kọ́kọ́rọ́ Kejì ní Òkè Maryam

Bọ́ọ̀sì kò tíì dúró dáadáa tí àwọn ọmọ kíláàsì keje ti ń fò bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n rọra, ẹnu ara rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Láti Hawzen, ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wà, ni wọ́n ti ń kọrin bọ̀, orin kan ṣoṣo, láìsinmi, débi pé awakọ̀ ti búra pé bí wọ́n bá tún dá a, òun á já gbogbo wọn sílẹ̀ sínú eruku. Wọ́n tún dá a. Kò já ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

"Tíṣà, òkè yẹn ni?" Semhal ló béèrè. Ẹnu ọmọbìnrin yìí kì í sinmi àfi tó bá ń sùn, àwọn àbúrò rẹ̀ sì sọ pé ó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun pẹ̀lú.

"Òkè yẹn ni," ni Abrehet dá a lóhùn.

"Ibi tí ẹyẹ yẹn bà lé lọ́hùn-ún?"

"Ó ju ibi tí ẹyẹ yẹn bà lé lọ."

Ariwo ta. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ti ń tú okùn bàtà wọn bíi pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n dúró sí. Filmon, ọmọkùnrin tó ga ju tíṣà rẹ̀ lọ, fi ọwọ́ bojú wo òkè náà, ó ní, "Ta ló gbé gbogbo ewúrẹ́ tí wọ́n fi awọ wọn ṣe ìwé yẹn gun ibẹ̀?"

"Awọ ni wọ́n gbé gùn ún, olórí ewúrẹ́," ni Semhal fi dá a lóhùn, ẹ̀rín sì gba gbogbo wọn.

Abrehet náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Odidi sáà kan ló fi ń ròyìn Ìwé Ìhìn Rere Òkè Maryam fún wọn, ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sára awọ ewúrẹ́ láti ayé àwọn baba ńlá baba wọn. Kó má bàa jẹ́ ìtàn ẹnu lásán, ó ní kí wọ́n mú awọ wá sí kíláàsì. Wọ́n nà án mọ́ igi, wọ́n fi ọ̀bẹ fá a, wọ́n fi òkúta bó o, títí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fi ń rùn, tí ọ̀gá àgbà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó fi aṣọ bo imú, tó ní, "Tíṣà Abrehet, ṣé ẹ̀kọ́ ìtàn lẹ pe èyí ni àbí ìsọ̀ alápatà?" Wọ́n fi èédú ìdí ìkòkò àti ọkà báálì yíyan ṣe tàdáwà. Olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀ sára awọ tirẹ̀, Filmon sì da tàdáwà tó kù sí ṣòkòtò ara rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìwé náà ti di nǹkan tí wọ́n ń lá lálàá. Wọn ò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́ ju pé ọjọ́ wo ni àwọn máa rí i.

Ohun tí Abrehet kò sọ fún wọn ni pé kò sí ẹni tó ṣèlérí fún òun pé ìwé náà máa jáde.

Àpótí tí ìwé náà wà nínú rẹ̀ ní àgádágodo méjì. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè, ìkejì wà lọ́wọ́ ìdílé kan ní Adi Hamlo, abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àlùfáà kò lè dá a ṣí, ará abúlé kò lè dá a ṣí. Wọn kì í sì í fi kọ́kọ́rọ́ náà rán ènìyàn. Ọwọ́ tó ni ín ló gbọ́dọ̀ yí i. Ọwọ́ tó ni kọ́kọ́rọ́ kejì ni ọwọ́ Teklay, Teklay sì ni bàbá Abrehet.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ìyẹn mú ọ̀rọ̀ rọrùn, ẹ ò tíì mọ Teklay.

Nígbà tí ogun dé, tí àwọn sójà wọ Adi Hamlo, tí wọ́n ń jí nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri, Àlùfáà Redae, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ kìíní, fi irin já àgádágodo kejì, ó gbé ìwé náà lọ pamọ́ síbi tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ogun parí, ó dá a padà sínú àpótí, kò sí ewé kan tó sọnù. Gbogbo ayé ń yìn ín. Teklay nìkan ni kò yìn ín. Ó ní Redae já àgádágodo tí bàbá òun fi lé òun lọ́wọ́ bí ìgbà tí olè bá ń jálé. Ó ní ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí kò ju pé Redae kò fọkàn tán òun. Àwọn àgbààgbà ra àgádágodo tuntun, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ tuntun. Ó gbà á, ó fi okùn so ó mọ́ ọrùn lábẹ́ aṣọ, ó ní, "Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i láìsí mi. Kí wọ́n máa ṣí i láìsí mi." Redae náà sì búra pé òun kò ní fi irin kan àgádágodo yẹn mọ́ láéláé.

Láti ìgbà náà ni ìwé ti wà nínú òkùnkùn. Ọdún ń dé, agogo ń dún, wọ́n ń na agbòòrùn aláràbarà sókè, ìwé kò jáde. Teklay kò sì gba ara Olúwa mọ́, nítorí ẹni tó bá di ẹlòmíràn sínú kì í sún mọ́ pẹpẹ. Ikọ́ sì ti wá ń ṣe é. Lákòókò òjò tó kọjá, ó dùbúlẹ̀ débi pé wọ́n ránṣẹ́ sí Abrehet pé kó tètè wá, ó sì jókòó tì í, ohun kan ṣoṣo ló ń rò: kí bàbá òun má lọ báyìí, pẹ̀lú ìbínú yìí lọ́rùn. Ìdí rèé tó fi kó àwọn ọmọ wá lónìí. Ó rò pé bóyá ohun tó le fún bàbá òun láti fún àgbààgbà, kò ní le fún un láti fún ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá Teklay, ó jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ilé oyin kan tó sán. Iṣẹ́ oyin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé oyin rẹ̀ pọ̀ lẹ́bàá àpáta lẹ́yìn ilé, wọ́n tò gbọọrọ bí igi ìdáná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!" ni gbogbo kíláàsì kígbe lẹ́ẹ̀kan náà.

"Háà! Ọ̀wọ́ eṣú wo ló wọ̀lú yìí?" Ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Abrehet, ṣé ìwọ nìkan lo kó gbogbo wọn wá? Èyí tó gùn bí òpó yìí ńkọ́, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni àbí ọ̀gá yín ló tún ń kàwé?"

"Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mí, Bàbá," ni Filmon wí.

"Kí ni bàbá rẹ ń fún ọ jẹ? Wá kọ́ ewúrẹ́ mi bí òun náà á ṣe ga."

Ó ní kí wọ́n jókòó. Búrẹ́dì himbasha jáde, wàrà kíkan jáde, ọkà báálì yíyan jáde nínú awo ńlá, àwọn ọmọ sì ń jẹ bí ẹni tí kò jẹun kúrò nílé. Inú Teklay ń dùn ṣìnkìn. Abrehet wò ó, ó ní àkókò nìyí, ó sún mọ́ ọn.

"Bàbá mi, àwọn ọmọ yìí wá wo ìwé ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Teklay. "Kí wọ́n lọ wò ó. Àlùfáà wà lókè."

"Bàbá mi."

"Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i láìsí mi."

"Gbogbo sáà yìí ni mo fi ń sọ fún wọn. Wọ́n ti fá awọ, wọ́n ti ṣe tàdáwà. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí tèmi."

"Nítorí tìẹ ni mo ṣe fún wọn ní wàrà," ni Teklay wí, ó sì padà sídìí amọ̀ rẹ̀. "Abrehet, má fi ọmọ ọlọ́mọ bá mi jà."

Gbogbo wọn ló gbọ́. Ojú ti Abrehet, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Nígbà tó máa gbójú sókè, àwọn ọmọ ti ń jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Semhal ló ń fi ọwọ́ pè wọ́n. Ó rò pé wọ́n fẹ́ lọ tọ̀ ni. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, bàbá náà ṣáà ń rẹ́ ibi tí kò sán mọ́.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ń bọ̀ lórí ìlà, orí gbogbo wọn wà nílẹ̀, olúkúlùkù sì gbé òkúta lé ọrùn.

Kò sí ẹni tí wọ́n bí nílẹ̀ yìí tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ ló ń gbé òkúta lé ọrùn, tí á lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn tó ti pa ènìyàn ń gbé e. Àwọn tó ba aya oníyàwó jẹ́ ń gbé e. Ìdí tí ọ̀rọ̀ Teklay àti Redae fi há nìyí gan-an, nítorí kò sí àlùfáà tó ń gbé òkúta wá bá ọmọ ìjọ. Ọmọ ìjọ ló ń tẹrí ba fi ẹnu ko àgbélébùú ọwọ́ àlùfáà. Ṣùgbọ́n ta ló rí kí ọmọ kíláàsì keje máa gbé òkúta ẹ̀bẹ̀? Wọ́n kúnlẹ̀ yí Teklay ká, iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì.

Teklay fò dìde. "Kí lèyí? Kí lẹ ṣe fún mi?"

"A ò tíì ṣe nǹkan kan, Bàbá," ni Semhal wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí a bá padà sílé láìrí ìwé yẹn, a máa bú yín. A ò ní lè mú un mọ́ra. Láti ibí dé Hawzen la ó máa bú yín. Filmon ti ń fi yín ṣe orin. Nítorí náà, a ní ká tètè bẹ̀ yín sílẹ̀."

"Mi ò tíì ṣe orin náà parí," ni Filmon wí lábẹ́ òkúta.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Teklay, ó gbé e mì. Ó fẹ́ bínú, kò rí ìbínú náà mú. Ọmọ kékeré kan wà níwájú tó jẹ́ pé òkúta tó gbé ju agbára rẹ̀ lọ, apá rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bo imú rẹ̀. Teklay kò tiẹ̀ rò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta náà kúrò lọ́rùn ọmọ náà. "Ta ló ní kó o gbé irú èyí? O fẹ́ ṣẹ́ ọrùn ni?"

Ó dìde pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Ó wo òkúta. Ó wo Abrehet.

Ẹni tí wọ́n bẹ̀, tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ òkúta kalẹ̀ lọ́rùn ẹlẹ́bẹ̀, ó ti gbà. Kò sí àgbàlagbà kan ní Adi Hamlo tó lè sọ òkúta kalẹ̀ tán kó tún ní òun kò gbà.

"Ẹ ti mú mi," ni Teklay wí jẹ́jẹ́. "Àwọn ọmọ àná wọ̀nyí. Ẹ ti mú mi!"

Òkúta ń bọ́ sílẹ̀ gbì, gbì, gbì. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n ń fò, wọ́n ń di mọ́ ara wọn, Semhal ń fi ọrùn rẹ̀ tó bó han gbogbo ènìyàn bí ẹni tó gba ọgbẹ́ lójú ogun. Teklay fa okùn ọrùn rẹ̀ yọ, ó na kọ́kọ́rọ́ náà sí Abrehet. "Gbà. Máa mú un lọ."

Abrehet kò gbà á. "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọwọ́ tó ni ín ló ń yí i."

Teklay tún fi okùn náà kọ́rùn. "Ó dáa. Màá lọ, màá yí i, màá padà. Mi ò ní bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀."

"Ẹ ò ní láti sọ̀rọ̀."

"Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu."

"Kò sẹ́ni tó máa fi sí i, Bàbá," ni Semhal wí, ẹni tí kì í pa ẹnu mọ́.

Wọ́n bọ́ bàtà nísàlẹ̀ àpáta. Ibẹ̀ yẹn kò ní àtẹ̀gùn, ihò ẹsẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára àpáta, ẹsẹ̀ àìmọye ènìyàn sì ti mú wọn dán. Teklay ló ṣíwájú. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń gùn ún bí ọmọ ọ̀bọ, ó ń bojú wẹ̀yìn, ó ń fi àwọn ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé wàrà òun ló wúwo nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé. Ó dì mọ́ àpáta, èjìká rẹ̀ ń mì. Kí Abrehet tó sọ nǹkan kan, Filmon ti wà lábẹ́ bàbá náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi í sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹsẹ̀ òsì, Bàbá!" ni Semhal ń kígbe láti ẹ̀gbẹ́. "Kì í ṣe ìyẹn! Òsì ni mo wí!"

"Mo ti ń gun òkè yìí kí wọ́n tó bí bàbá rẹ!"

"Ẹ sì ń ṣi ẹsẹ̀ gbé síbẹ̀!"

Teklay ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́, ó ń gùn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ funfun wọn. Nísàlẹ̀, bọ́ọ̀sì ti dà bí ìsáná, awakọ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń juwọ́ sí wọn. Ẹnì kan dá orin náà, gbogbo wọn gbà á, wọ́n sì ń gba ara àpáta gòkè tìlù-tìfọn láìsí ìlù, láìsí fèrè, títí ọwọ́ Teklay fi tẹ orí òkè tí Filmon sì tì í gòkè láti ìsàlẹ̀.

Àlùfáà Redae jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, ó ń ka Sáàmù fún ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ ń bọ̀ wá wo àwòrán ara ògiri. Nígbà tó rí ẹni tó ṣíwájú wọn, ìwé Sáàmù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde. Teklay dúró. Nílẹ̀ tí ènìyàn ti ń béèrè àlàáfíà ara, àlàáfíà ilé, àlàáfíà màlúù kó tó sọ ohun tó bá a wá, àwọn àgbàlagbà méjì yìí wo ara wọn, kò sẹ́ni tó kí ẹnìkejì. Redae yí padà, ó wọlé. Teklay tẹ̀ lé e.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì tutù, ó ń rùn tùràrí. Àwọn àpọ́sítélì olójú ńlá ń wo àwọn ọmọ láti ara òrùlé, àwọn ọmọ náà ń wò wọ́n, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. "Wo ẹṣin yẹn!" "Ó ń wò mí!" "Ìwọ kọ́, èmi ló ń wò!" Wọ́n wọ yàrá tó wà lẹ́yìn, wọ́n há mọ́ ara wọn yí àpótí ká.

Redae ki kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó yí i, ó ṣí. Teklay ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò yí. Ó tún fà á, ó tẹ̀ ẹ́. Àgádágodo náà ti dípẹtà. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́. Redae gbé fìtílà òróró wá, ó na án síwájú láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Teklay fi ìka kan òróró, ó fi pa ihò àgádágodo náà, ó tún yí i.

Ó ṣí pẹ̀lú ariwo tí gbogbo wọn gbọ́.

Redae gbé ìdérí sókè, òórùn kan sì jáde látinú àpótí tí kò sí ẹni tó retí rẹ̀. Kì í ṣe òórùn awọ, kì í ṣe òórùn eruku.

"Oyin!" ni Semhal kígbe. "Tíṣà, oyin ló ń rùn!"

Redae yí ojú sí ògiri. Teklay bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí. Ó ṣí aṣọ tí wọ́n fi wé ìwé náà. Ó fi àtàǹpàkò gba etí èèpo onígi rẹ̀ lọ, ohun kan lẹ̀ mọ́ etí náà yípo, ó pọ́n, ó le, ó ń dán. Ó fá díẹ̀ níbẹ̀, ó gbé e símú. Ẹni tó bá ti sin oyin rí mọ oje yẹn. Òun ni oyin fi ń dí gbogbo ibi tí atẹ́gùn bá ń gbà wọ ilé rẹ̀.

"Ìwé yìí ti gbé inú ilé oyin," ni Teklay wí. Kò sọ fún ẹnì kan pàtó.

Àwọn àgbààgbà ti gbìyànjú láti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ láti ọdún wọ̀nyí, pẹ̀lú ọgbọ́n, pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀, wọ́n ń gba ẹ̀yìn lọ, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Semhal kò mọ ẹ̀yìn, kò mọ ẹ̀gbẹ́.

"Bàbá Àlùfáà, ilé oyin ta ni?"

"Semhal!" ni Abrehet wí.

"Jẹ́ kó béèrè," ni Redae wí. Ó yí padà, ó nawọ́ sí Teklay. "Ilé oyin tirẹ̀ ni. Èyí tó wà ní ìpẹ̀kun, lẹ́bàá àpáta. Ó ṣófo nígbà náà. Mo gbé e sínú rẹ̀, mo fi amọ̀ rẹ́ ẹ."

Teklay ń wò ó.

"Àwọn sójà jókòó sí àgbàlá rẹ, Teklay, wọ́n ń jẹ àgùntàn rẹ. Bí mo bá ránṣẹ́ pe kọ́kọ́rọ́, wọ́n á tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́. Mo wá ro ẹni tó lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣọ́ ìwé yìí. Mo wo gbogbo abúlé, ẹnì kan ni mo rí. Bí mo bá sì sọ fún ẹni náà, wọ́n á lù ú títí á fi jẹ́wọ́. Ni mo bá ní kó máa ṣọ́ ọ láìmọ̀."

Abrehet rántí. Gbogbo wọn ló mọ ìtàn náà ní Adi Hamlo, wọ́n sì máa ń fi í ṣe ẹ̀rín: bí àwọn sójà ṣe fẹ́ da ilé oyin wó kí wọ́n lè jẹ oyin, tí Teklay dúró níwájú wọn pẹ̀lú igi lọ́wọ́ bí wèrè, tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun. Wọ́n fi ìdí ìbọn yọ eyín rẹ̀. Kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní nítorí oyin!

"Ọ̀wọ́ oyin kan fúnra rẹ̀ wá wọ ilé yẹn," ni Teklay wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Inú mi dùn. Mo ní màá fi í sílẹ̀ lọ́dún yẹn, mi ò ní kó o."

"Mi ò pè wọ́n. Nígbà tí mo wá gbé ìwé, mo bá wọn níbẹ̀. Wọ́n ta mí lójú, wọ́n ta mí lẹ́nu."

"Ọdún Àjíǹde yẹn!" ni Teklay kígbe. "Ojú rẹ wú bí himbasha. O ní eyín ló ń dùn ọ́!"

"Mo purọ́," ni àlùfáà wí.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, Filmon tiẹ̀ fi ara ti ògiri. Teklay kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi lẹ́yìn náà, Redae? Lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Kí ló dé?"

"O ò béèrè. Ariwo lo pa. O pè mí ní olè níwájú àwọn ìyá tó wá gbàdúrà. Inú bí èmi náà." Redae nu ojú rẹ̀ nù pẹ̀lú etí aṣọ. "Inú bí mi, mo sì ń gba ara Olúwa pẹ̀lú rẹ̀, mo sì ń fi í fún ẹlòmíràn. Ìwọ sàn jù mí lọ. Ìwọ dúró sílé."

Teklay tẹ̀ síwájú, ó tẹrí ba kó lè fi ẹnu ko àgbélébùú ọwọ́ àlùfáà, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Redae gbé àgbélébùú náà sẹ́yìn. Ó rọra fi eékún kan kanlẹ̀, lẹ́yìn náà èkejì, níwájú ọmọ ìjọ rẹ̀, níwájú ọmọ kíláàsì keje.

"Tú mi sílẹ̀, Teklay."

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìjọ fi ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ àlùfáà nìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Teklay, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un rí. Ó wo Abrehet bí ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá. Abrehet kò lè ràn án lọ́wọ́, omi ti bo ojú rẹ̀. Teklay kúnlẹ̀ pẹ̀lú, ó di èjìká Redae mú.

"Kí Ọlọ́run tú àwa méjèèjì," ni ó wí. "Dìde, o ti darúgbó. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Filmon ló kọ́kọ́ na ọwọ́ láti gbé wọn dìde. Àwọn tó kù ti yí wọn ká, wọ́n ń ti ara wọn, nítorí kí ni àlàáfíà àgbàlagbà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọn kò tíì ṣí? Redae gbé e lé orí aṣọ. Ó ṣí èèpo rẹ̀.

Pupa! Àwọ̀ ewé! Àwọ̀ oòrùn! Bíi pé àná ni wọ́n kùn ún. Ènìyàn mímọ́ kan jókòó pẹ̀lú kálámù lọ́wọ́, ìgò tàdáwà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó ń ṣe tiwa!" ni àwọn ọmọ ń ké. "Tíṣà, ó ń ṣe ohun tí àwa ṣe!" Ọ̀kan fi ìka hàn wọ́n ibi tí ihò ti wà lára awọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi òwú rán. Semhal sún mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sì sí ohùn níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ó kígbe: "Mo lè kà á! Lẹ́tà wa ni! Mo lè kà á!" Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn baba ńlá Olúwa tó wà níbẹ̀ sókè, wọ́n ń kọsẹ̀, wọ́n ń sáré ju ara wọn lọ, ohùn wọn sì kún yàrá òkúta náà.

"Ẹ ṣí èkejì! Ẹ ṣí èkejì, Bàbá Àlùfáà!"

Redae di etí ewé náà mú. Kò ṣí i. Ó gbójú sókè, ó wo Teklay, ó dúró.

Teklay kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dúró dè. Nígbà tó mọ̀ pé Redae kò ní ṣí i láìsí òun, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Redae ṣí ewé.

Ní ewé kẹta, ó tún dúró, ó tún wò ó. Semhal ló kọ́kọ́ rí i, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Filmon, kò sì pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi yí ojú kúrò lára àlùfáà, wọ́n dojú kọ bàbá tíṣà wọn.

"Ẹ mi orí, Bàbá!" ni wọ́n ń pariwo. "Bàbá, ẹ mi orí!"

Teklay ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń mi orí títí ọrùn fi ń dùn ún.